Àwọn Tó Ń Sùn Nílé Bàbá Títí

Bí òjò bá ti rọ̀ léraléra ní Benin, omi a yí àdúgbò wa ká. Ìsàlẹ̀ òkè Ikpoba la wà, lẹ́yìn Oregbeni. Ọ̀gbàrá a gba iwájú, kòtò tí àgbàrá ti gbẹ́ a gba ẹ̀yìn, àwa a sì wà láàárín bí erékùṣù. Áílándì gan-an ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá ń pè wá, wọn a sì bu owó lé owó kí wọ́n tó gbé ènìyàn wọlé. Gaàrí tó bá ti la omi yẹn kọjá owó rẹ̀ kì í ṣe ti ọjà Aduwawa mọ́. Síbẹ̀ ibẹ̀ là ń gbé, nítorí owó ilé ibòmíràn ti kọjá agbára wa.

Agbára Ìyá Mofẹ́olúwa kò tilẹ̀ ká ti ibẹ̀ pàápàá. Opó ni, ọmọ Ìkàrẹ́, ó sì ti ń rán ìrọ̀rí tà ní Benin láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Àjákù fóòmù ló ń kó sínú wọn. Nígbà tí lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ fi owó lé owó ilé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rù, ó bọ́ síta. Mofẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń wakọ̀ ní Auchi. Yàrá kan ni òun, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ń há mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá náà ń sùn nígbà tí Bàbá Títí rí i.

Bàbá Títí yìí, òṣìṣẹ́ báńkì, ló ni ilé tí kò tíì parí tó dojú kọ yàrá mi. Owó sìmẹ́ńtì ló dá ilé náà dúró. Kò ní fèrèsé, kò ní ilẹ̀kùn, yàrá méjì péré ló ní páànù lórí. Àwọn olè ti kó irin ibẹ̀ lọ, wọ́n sì tún padà wá kó pákó. Ó ní kí Ìyá Mofẹ́ máa gbé ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó máa bá òun ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba ẹnikẹ́ni sílé.

Inú ìyá náà dùn débi pé ó gbin ilá sínú pálọ̀ tí kò ní òrùlé.

"Ilá tó ń gbé pálọ̀," ló máa ń wí fún mi, "ṣé o ò rí i pé ojú ẹ̀ là ju ti oko lọ?"

Èmi tí mo ní ilẹ̀kùn, tí mò ń fi kọ́kọ́rọ́ méjì tì í, oorun kì í kùn mí dáadáa. Òun ń sùn ní tirẹ̀.

Kò ní ajá, kò sì ní ìbọn. Ìrọ̀rí ló ní. Nírọ̀lẹ́, á to àwọn tí kò tíì tà ní mẹ́ta-mẹ́ta sórí ẹní: ọ̀kan fún orí, ọ̀kan fún ara, ọ̀kan fún ẹsẹ̀. Á wá fi aṣọ bò wọ́n torí tẹsẹ̀, bí ẹni tó ń sá fún ẹ̀fọn. Ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé á rí ènìyàn mẹ́jọ tó sùn. Nígbà tí àwọn olè tún dé, mo gbọ́ ohùn wọn láti yàrá mi.

"Dem plenty," ọ̀kan sọ fún èkejì. "Make we dey go."

Wọn kò padà wá mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí olè rí, aládùúgbò náà rí i. Ìbráhìm tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní ìkángun òpópónà kì í fẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ó pe Bàbá Títí lórí fóònù pé ìyá náà ti sọ ilé rẹ̀ di ilé àlejò, pé ó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn géńdé.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé, Bàbá Títí la omi kọjá wá, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní kí n tẹ̀lé òun wá ṣe ẹlẹ́rìí.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "àwọn tó wà nínú ilé yẹn—"

"Má gbèjà wọn."

Ìyá Mofẹ́ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ abọ́. Bàbá Títí kò dúró dè é. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló dúró sí.

"Ẹ̀yin géńdé wọ̀nyí, ẹ dìde ńlẹ̀. Èmi ni mo nilé."

Kò sẹ́ni tó mira.

"Ẹ wo àìlẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ń gbọ́ mi o."

Ìyá Mofẹ́ yọ sí wa, abọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Títí. Ẹ kú omi."

"Màmá, bí a ṣe jọ sọ ọ́ kọ́ nìyí. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní kí ẹ máa gbé ibí."

Mo rí i tí ojú Ìyá Mofẹ́ lọ sára ẹ̀rọ ìránṣọ, bí ẹni tó ń rò ó bóyá orí òun ṣì lè rù ú.

"Èmi nìkan náà ni," ló wí.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?" Ó fi ẹsẹ̀ ti ẹni tó sùn nítòsí rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà rì wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ká aṣọ kúrò: ìrọ̀rí pupa, ìrọ̀rí aláwọ̀ ewé, ìrọ̀rí olódòdó. Ó ká ti ẹnì kejì. Ó ká ti ẹnì kẹta. Ó yíjú wo ẹnu ọ̀nà.

"Odidi ènìyàn mẹ́jọ," ló wí nígbẹ̀yìn, "kò sì sí bàtà ẹyọ kan lẹ́nu ọ̀nà?"

"Bí mo bá kó bàtà síbẹ̀, ṣé olè ò ní jí i ni?"

Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá Títí jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú.

"Ta ni èyí tó sanra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yìí?"

"Ẹ̀yin ni. Lánlọ́ọ̀dù kì í gbẹ." Kò bá wa rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n máa palẹ̀ mọ́?"

"Kí ẹ palẹ̀ mọ́ lọ síbo? Wọ́n ti fi owó lé owó ilé tí èmi gan-an ń gbé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, mo máa kó ìyàwó mi àti Títílayọ̀ wá síbí, bó ṣe wà yìí. Yàrá ẹ̀yìn ni tiyín. Báńkì ni mò ń lọ láràárọ̀, màmá. Ta ló máa ṣọ́ ilé?"

Ìyá Mofẹ́ gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn tí a tú ká padà, Bàbá Títí sì di etí kejì aṣọ náà mú, wọ́n jọ dà á bo ẹnì kan. Bàbá Títí tẹ́ ẹ gbọọrọ, ó gún régé.

"Ẹ ká orúnkún ẹ̀ díẹ̀," ìyá náà wí. "Ẹni tó bá nà tó báyìí, òkú ni, olè ò sì bẹ̀rù òkú."

Bàbá Títí bẹ̀rẹ̀, ó sì ká ìrọ̀rí ẹsẹ̀ náà.