Yóò Gbóná àti Láptọ́ọ̀pù Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tíì Rí

Ìyá wa sọ ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ o, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́. Yóò Gbóná ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí láptọ́ọ̀pù tuntun kan tí wọ́n á ní ó ń bọ̀ tí òun ò ní sọ pé yóò gbóná. Bí wọ́n bá ní ọpọlọ tó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni wọ́n fẹ́ fi sínú rẹ̀, yóò gbóná. Bí wọ́n bá ní wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di pẹlẹbẹ, yóò gbóná. Lójú tèmi, orí tirẹ̀ gan-an ló ń gbóná. Èmi àbúrò rẹ̀ kò mọ ọjọ́ kan tí ara rẹ̀ tutù láti kékeré. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ìka rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gún èèyàn lójú.

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló tò síra wọn lábẹ́ òrùlé kan. Ti ẹ̀gbọ́n mi wà lápá òsì, níbi tó ti ń tú inú láptọ́ọ̀pù, tó ń fi irin sódà jó ohun tó bá já. Tèmi wà láàrin, fótókọ́pì àti ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe. Ti ọkọ mi wà lápá ọ̀tún. Onígíláàsì ni wọ́n ń pè é, torí ojú láptọ́ọ̀pù tó bá fọ́ ni òun ń pààrọ̀. Mo ti rí i tó fi ìka méjì gbé gíláàsì tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, tó ń bá mi ṣàwàdà lọ, tí gíláàsì náà ò sì mì. Ọwọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí n tó fẹ́ ẹni tó ni ín.

Òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ni, ọ̀rẹ́ ni wọ́n kí ọ̀rọ̀ àna tó wọ̀ ọ́. Nítorí náà, wọn kì í bọ̀wọ̀ fúnra wọn. "Ìwọ yìí" síhìn-ín, "ìwọ yìí" sọ́hùn-ún. Ìgbà tí ọkọ mi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹ̀gbọ́n mi ní "ẹ̀yin," kí n yáa máa kó ìwé àwọn oníbàárà mi pamọ́, ìjà ti dé nìyẹn.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní òpópónà yẹn ní ìṣe kan. Bí láptọ́ọ̀pù olówó ńlá kan bá ń bọ̀ lọ́nà, tí wọn ò tíì gbé e jáde, àwọn tó ń tún un ṣe á pàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀. Oníkálukú á sọ ohun tó gbà pé ó máa wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣẹ á gba oyè, òun ni yóò kọ́kọ́ ṣí láptọ́ọ̀pù tuntun tó bá tún jáde lẹ́yìn ìyẹn nígbà tó bá wọ àdúgbò, gbogbo ojú á sì máa wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ló gba oyè náà kẹ́yìn. Àti ìgbà náà ni kò ti sẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí ìròyìn láptọ́ọ̀pù kan tó ju gbogbo ti ìṣáájú lọ dé, ẹnì kan mú àwòrán ìdí rẹ̀ wá nínú fóònù. Àwòrán náà dúdú, ó ṣe bàìbàì, kò sí ohun tí èèyàn lè rí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó báyìí, ó sì dájọ́.

"Wọ́n ti yọ fáànù kúrò. Mẹ́mọ́rì rẹ̀, wọ́n á ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, èèyàn ò ní lè fi kún un láé. Bátìrì ńkọ́? Gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n máa fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́tìnnì, ọ̀bẹ la ó fi máa ha á. Yóò gbóná."

Ọkọ mi ń jẹ búrẹ́dì. "Àwọn tó ra ti tẹ́lẹ̀ ti pariwo gọ́ọ̀mù yẹn dé ojú ọ̀run," ó ní. "Sikurúù ni wọ́n máa fi de bátìrì lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n á sì dá fáànù padà."

"Ojú lo mọ̀. Kí lo mọ̀ nípa inú?"

"Òótọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ mọ inú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tú inú ara yín látàárọ̀ tẹ́ ò rí ọpọlọ níbẹ̀."

Mo ti ń kó ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi fọ́ ọ létí, búrẹ́dì fò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ mi fi orí kàn án, eyín iwájú ẹ̀gbọ́n mi kan sì bọ́ sílẹ̀. Wọ́n wọ́ ara wọn lu ẹ̀rọ fótókọ́pì mi, gíláàsì rẹ̀ là sí méjì. Inú bí mi débi pé mo gbé sitépúlà, mo fi fọ́ orí tó sún mọ́ mi jù. Orí ọkọ mi ni. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára àwọn méjèèjì, èmi ni mo sì ń gbá ilẹ̀.

Ẹ máa rò pé eyín tó bọ́ á paná ọ̀rọ̀. Rárá o. Lọ́jọ́ mélòó kan sí i, ọkọ mi ń sọ fún oníbàárà kan pé kó dákun má gbé ẹ̀rọ tuntun náà lọ bá ẹni tí yóò fi ọ̀bẹ wá gọ́ọ̀mù tí kò sí. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Ó jáde láti ìdí tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú irin sódà tó ṣì ń rú èéfín, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ mi lápá. Òórùn ẹran tó jóná kún ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ mi fa wáyà ṣájà kan yọ lára ògiri, ó we é mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì ń fà á títí ojú ẹ̀gbọ́n mi fi ń yí. Odindi àdúgbò ló là wọ́n. Ìyá wa gbọ́, ó wá, ó jókòó sórí àga oníbàárà mi, ó sì ń wo àwọn méjèèjì.

"Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́," ó ní. "Àbí ohun tí ẹ̀ ń jà sí náà, ẹnì kankan ti rí i nínú yín?"

Ìtìjú bá mi, nítorí èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kó jẹ́ sikurúù.

Ìgbà tó yá, láptọ́ọ̀pù náà jáde. Èyí àkọ́kọ́ tó wọ àdúgbò wa jẹ́ ti lọ́yà kan, obìnrin tó da tíì sínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tó rà á. Ó gbé e wá bí ẹni gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn. Gbogbo èèyàn pa iṣẹ́ tì, wọ́n rọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, torí òun ló ni oyè. Ọkọ mi náà wọlé, ó dúró sí ẹ̀yìn àga. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n mi tú ìdí rẹ̀, ó ṣí i. Fáànù wà níbẹ̀, méjì. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo rí ọrùn ẹ̀gbọ́n mi tó pọ́n.

"Tan tọ́ọ̀ṣì sí i ná," ọkọ mi sọ, ohùn rẹ̀ tutù. Kò sí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ ló ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tan tọ́ọ̀ṣì. Ó ti sọ pé gọ́ọ̀mù ni, gọ́ọ̀mù ló sì wà lójú rẹ̀. Ó ki ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bọ abẹ́ bátìrì. Ọ̀bẹ kò lọ. "Ẹ ò rí i bó ṣe lẹ̀," ó ní, inú rẹ̀ sì dùn. Ó fi gbogbo ara tì í. Teépù dúdú kan ló bo igun bátìrì náà, sikurúù kéékèèké sì wà lábẹ́ teépù yẹn. Ẹni tó bá fi ìka kàn án lásán á mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀gá wọn ló kọ́ wọn pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti fi ẹnu rẹ̀ rọ́pò ojú rẹ̀.

Ọ̀bẹ gún bátìrì. Ó kọ́kọ́ sín bí ológbò. Èéfín funfun yọ, lẹ́yìn náà iná bú jáde, ó sì lá irùngbọ̀n ẹ̀gbọ́n mi. Ó yẹ kó fò sẹ́yìn, kò fò. Ó di ọ̀bẹ mú, ó ń wo iná náà. Àwọn èèyàn ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tì mí lu ògiri. Ìgbà náà ni mo rí ọkọ mi tó na ọwọ́ méjèèjì kọjá lórí èjìká ẹ̀gbọ́n mi, tó gbá ẹ̀rọ tó ń jó náà mú, tó gbé e mọ́ àyà sáré jáde, tó sì jù ú sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ibẹ̀ ló ti bú gbàù.

Ó padà wá pẹ̀lú ọwọ́ níwájú, àtẹ́lẹwọ́ lókè, bí ẹni fẹ́ gba nǹkan. Awọ rẹ̀ ti bó kúrò. Kò ké. Èmi ni mo ké.

Dókítà sọ pé wọn ò ní gé ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn ìka lè má ká mọ́. Ó ní bó bá ń fipá ká wọn lójoojúmọ́, bó ti wù kó dùn ún tó, bóyá. Ọwọ́ tí kò ká kò lè gbé gíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi kò mọ iṣẹ́ mìíràn láyé. Mo kúrò nílé ìwòsàn, mo gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi lọ, mo bọ́ bàtà, mo sì fi lù ú lójú, lẹ́yìn, níbi tọ́wọ́ mi bá ti bà. Kò gbé ọwọ́ sókè. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n túbọ̀ lù ú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọkọ mi dé sílé, ẹ̀gbọ́n mi wá bá wa pẹ̀lú òòlù. Ó gbé e sórí tábìlì tí a fi ń jẹun, ó sì tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Fọ́ ọ," ó sọ fún ọkọ mi. "Kí tèmi náà má ṣiṣẹ́ mọ́."

Ọkọ mi wo òòlù. Ó wo báńdéèjì ara rẹ̀. "Ọwọ́ wo ni kí n fi gbé e?"

Èmi ni mo bá a gbé e. Mo fẹ́ fọ́ ọwọ́ yẹn, n kò ní purọ́ fún yín. Mo gbé òòlù náà sókè, ẹ̀gbọ́n mi di ojú, mo sì fi gbogbo agbára mi gbá a mọ́lẹ̀. Tábìlì là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka rẹ̀. Ìka náà kò yẹ̀.

"Bọ̀dá mi," mo ní, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, "ọwọ́ yìí kì í ṣe tiyín nìkan mọ́. Láti ọ̀la lọ, ẹ̀yin lẹ máa gbé gíláàsì ọkọ mi. Ẹ má fọ́ ọ̀kankan."

Ó fọ́ ọ̀pọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ irin àti iná, kò mọ ohun ẹlẹgẹ́. Ọkọ mi á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa darí rẹ̀, á máa bú u láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi á sì máa ní, "Mo gbọ́." Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò fẹ́ ká ìka tirẹ̀. Ó ń dùn ún wọra, á dáwọ́ dúró, á sì kọjú sí ògiri. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo sunkún, asán ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ló mọ ohun tó ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fa àga wá síwájú ọkọ mi, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún un. "Mo mọ̀ pé ó wù ọ́ kí o gbá mi lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Di ẹ̀ṣẹ́ náà, kí o gbá mi. N ò ní sá."

Ọkọ mi wò ó. Ó ká ìka, òógùn bò ó, ìka dúró ní agbedeméjì. Ó fi odindi ọwọ́ yẹn kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́, ó dà bí ìgbà tí ìyá ń nu ojú ọmọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi tún fa àga wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é láàárọ̀ gbogbo, kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn fún oníbàárà, òjò ì báà rọ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi ní láptọ́ọ̀pù mìíràn ń bọ̀, tó máa ju ti ìṣáájú lọ. Àwọn èèyàn tún pé jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú àwòrán bàìbàì tiwọn. Gbogbo wọn yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọkọ mi ló ṣẹ lọ́jọ́sí. Ó ń nu gíláàsì kan, kò gbójú sókè.

"Ká ṣí i ná, ká wò ó," ó ní.

Wọ́n kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. "Mẹ́mọ́rì ńkọ́?" "Mi ò mọ̀." "Bátìrì rẹ̀ ńkọ́?" "Mi ò mọ̀." Ọ̀rọ̀ náà sú wọn, àwọn kan sì ti ń lọ. Ọkọ mi ló kù tó ń wò ó, mo sì rí i tí inú ń bí i gan-an. Ó jọ pé ó ń rò ó pé iná yẹn ti mú ọwọ́ òun lọ, ó sì tún fẹ́ mú ọ̀rẹ́ òun lọ.

"Sọ̀rọ̀ jàre. Kí ni wọ́n máa fi sínú ẹ̀?"

"Mo ní mi ò mọ̀."

"Ẹ̀yin àna mi," ọkọ mi sì dìde, "ẹ ò ní sọ̀rọ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé. N kò kó o tán. Ẹ̀ṣẹ́ ọkọ mi ba ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu, ó dún, ẹ̀gbọ́n mi sì fò sẹ́yìn ṣubú lé orí ìwé àwọn oníbàárà mi. Ẹ̀jẹ̀ ta sí gbogbo ojú ewé. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ètè rẹ̀ ti là, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ọwọ́ ọkọ mi. Ọkọ mi náà ń wò ó. Ọwọ́ náà ká. Ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé, àtàǹpàkò sì dé e lórí.

Ẹ̀gbọ́n mi tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

"Yóò gbóná," ó ní.

Mo jókòó sórí àwọn ìwé tó bàjẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì sunkún títí oníbàárà àkọ́kọ́ fi wọlé.