Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Bàbá Mi Kú sí Ìlú Ọba

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n ṣì ń gbé mi jókòó sórí ẹrù bébà kí n má baà fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ilé atẹ̀wé ni ilé wa ní Fọlá Agoro. Ìsàlẹ̀ ni bàbá mi ti ń tẹ̀wé, òkè ni a ń gbé. Ọdún tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí ni àwọn ṣọ́jà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún àwọn alágbádá. Tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ ń dún. Àwòrán olóṣèlú kún gbogbo ilẹ̀ ilé wa. Ẹni tí wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀, ojú rẹ̀ ni wọ́n fi ń di àkàrà fún wa ní ìrọ̀lẹ́.

Bàbá mi ò tilẹ̀ ráyè òṣèlú. Máṣíìnì ni tiwọn. Máṣíìnì là ń pe alùpùpù nígbà náà, ọ̀rọ̀ ọ̀kadà kò tíì dé. Ẹ má wo ti ìsinsìnyí tí gbogbo ayé ń sá fún ọlọ́kadà o. Nígbà náà, ẹni tó bá gun máṣíìnì, gbajúmọ̀ ni. Bàbá mi àti àwọn ẹgbẹ́ wọn láti Bàrígà àti Pẹ́dírò á kó ara wọn jọ, wọ́n á dé akoto, ó di Ẹ̀pẹ́, ó di Abẹ́òkúta, ìgbà míì títí dé Ilé-Ifẹ̀. Wọn kì í sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Ilé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n ń sùn, bí kò bá sì sí mọ̀lẹ́bí, ilé ẹni tó bá ń gun máṣíìnì ní ìlú náà ni. Òfin wọn ni pé amáṣíìnì kì í sùn síta níbi tí amáṣíìnì bá wà.

Òfin yẹn ló mú ọmọ òyìnbó kan wọ ilé wa. Irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ó gun máṣíìnì láti ìlú ọba, ó la aṣálẹ̀ já, ó dé Ọ̀nà Ìkòròdú, ibẹ̀ ni táyà rẹ̀ ti bẹ́. Bàbá mi rí i, wọ́n mú un wá sílé. Orí ẹní ló sùn sí ní pálọ̀ wa. Ó jẹ ẹ̀bà, ata fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀, ó sì tún na abọ́ pé kí wọ́n fi kún un. Nígbà tó ń lọ, ó di bàbá mi lọ́wọ́ mú, ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá dé ìlú òun, ilé òun ni ilé wọn. Àwa rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, àṣé bàbá mi ti gbé e sọ́kàn.

Bàbá mi ní àbúrò kan, ọmọ ìyá wọn, tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè níbẹ̀. Àwọn náà ní máṣíìnì. Nígbà tí iṣẹ́ ìbò parí, bàbá mi ní àwọn ń lọ gun máṣíìnì àbúrò àwọn yí gbogbo ìlú ọba ká. Ìyá mi ní irú àṣà wo nìyẹn? Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n kanra, wọ́n kọ oúnjẹ. Ọjọ́ tí bàbá mi ń gbé àpótí bọ́ sí ìsàlẹ̀, ìbínú mú ìyá mi sọ ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ. Wọ́n ní, "Máṣíìnì yìí ló máa pa yín o!" Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa, sáré fi ọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Bàbá mi kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ.

Kò sí fóònù nílé wa. Ìyá kan ní Ọbáníkorò, oníbàárà bàbá mi, ló ní ọ̀kan ní pálọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, onínúure ènìyàn. Gbogbo Sọ́ńdè la máa ń lọ tò jókòó síbẹ̀, tí bàbá mi á pè, tí ìyá mi á sì sọ fún wa ohun tí wọ́n sọ. Bàbá mi ti dé ilé òyìnbó ọjọ́sí. Ìyá òyìnbó náà ló fi búláńkẹ́ẹ̀tì lé búláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n, nínú oṣù tí wọ́n pè ní oṣù ooru! Òyìnbó náà fi wọ́n ṣọwọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ fi wọ́n ṣọwọ́ sí ọ̀rẹ́, amáṣíìnì ni gbogbo wọn. Ní Wéèsì, ní ìwọ̀-oòrùn ìlú ọba, ilé oníbúrẹ́dì kan ni wọ́n sùn, òkè ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì, wọ́n ní ibẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ àwọn ti móoru. Ìyá mi á máa rò ó fún wa, wọ́n á tún máa pòṣé. Ìgbà tí bàbá mi pè kẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ń lọ sí orí àwọn òkè Sìkọ́tíláǹdì, àti pé Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí ṣọ́jà ń gbé ìjọba sílẹ̀ ni àwọn ń balẹ̀ sí Èkó.

Ní àárín ọ̀sẹ̀, ìyá Ìjẹ̀bú yẹn ló fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá láti Ọbáníkorò. Gèlè wà lọ́wọ́ wọn, kò sí lórí. Ìyá àgbà rí wọn láti ojú fèrèsé, wọ́n ní, "Kí ló dé?"

Ìyá náà ní àbúrò bàbá mi ló pè. Wọ́n ní ohùn inú fóònù ò já gaara. "Ó ní ó ti kú o, lórí òkè kan ní Sìkọ́tíláǹdì, inú òjò ló kú sí. Ó ní àwọn ò tíì rí i gbé wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, kí ẹ má retí... Ibẹ̀ ni fóònù ti já."

Ìyá mi ò pariwo. Ìbá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá ẹnu ara wọn. "Ẹnu mi! Ẹnu mi yìí ló pa wọ́n!" Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́ ní ìsàlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ti gbọ́.

Ìyá àgbà nìkan ni kò sunkún. Wọ́n fi ìyá Ìjẹ̀bú jókòó, wọ́n fún wọn lómi. "Ọmọ mi, rọra tún un sọ. Ṣé 'ó ti kú' ló sọ ni, àbí 'wọ́n ti kú'?"

Àwa ọmọ ń wojú ara wa. Ìyá àgbà, ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, ọkọ ló gbé wọn dé Abẹ́òkúta. Ẹ mọ àwọn ará Ọ̀yọ́, wọn kì í fi ọ̀wọ̀ ṣeré. Wọ́n ní àwọn làwọn bí ọmọ méjèèjì. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní 'ó' nígbà tó wà lọ́mọdé, mo fi ata sí i lẹ́nu, kò tún dán an wò mọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kú, 'wọ́n' ni ìbá sọ. Kí ni ọmọ mi gùn lọ sórí òkè? Máṣíìnì kì í kú ni? Ta sì ni 'wọ́n' tó ní kí a fọkàn balẹ̀?"

Ojú gbogbo wa yí sí ìyá Ìjẹ̀bú. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí búra. Ní ilé tiwa, ọ̀kan náà ni. Bàbá tó bí mi lọ́mọ, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ wọn nílé, 'ó' náà ni. Etí mi kì í yà á sọ́tọ̀. N ò mọ̀ bóyá ẹnu tirẹ̀ ni mo gbé wá, àbí ẹnu tèmi."

Ẹ má rò pé àìlẹ́kọ̀ọ́ ni o. Bí èdè Ìjẹ̀bú ṣe rí nìyẹn. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ń kó ọ̀wọ̀ tiwọn sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kékeré bíńtín yìí ni ẹ̀mí bàbá mi rọ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá wọ́n wà láàyè. Àbúrò wọn ò ní fóònù nílé, ti ojú títì ni wọ́n fi ń pè. A ò lè pè wọ́n padà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá, ti dé láti Pẹ́dírò pẹ̀lú àwọn mọ̀lẹ́bí. Wọ́n gbọ́ àlàyé ìyá àgbà, wọ́n mi orí. "Ìyá, ọmọ yẹn ti pẹ́ nílùú òyìnbó. Òyìnbó ò ní 'ẹ'. 'Yúù' ni wọ́n ń pe ọmọdé, 'yúù' náà ni wọ́n ń pe ọba. Ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ ọ, òtútù ti gbé e lọ." Wọ́n ní kí wọ́n tú irun ìyá mi, kí wọ́n tẹ́ ẹní, kí wọ́n ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, ká má di ẹlẹ́yà. Ìyá àgbà gbé àpótí síwájú iyàrá ìyá mi, wọ́n jókòó lé e. Wọ́n ní, "A kì í ṣọ̀fọ̀ alààyè. Ẹni tó bá tú irun ìyàwó ọmọ mi, òun ló fẹ́ kí ọmọ mi kú." Kò sẹ́ni tó kọjá.

Sátidé dé. Bàbá mi ò dé. Èmi ni mo wà lójú fèrèsé, gbogbo ọkọ̀ tó bá rọra dúró níwájú ilé wa ni mo ń rò pé àwọn ni. Ọ̀sán pọ́n, ìrọ̀lẹ́ lẹ́, ẹnikẹ́ni ò bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wo ìyá àgbà, wọ́n sì gbé ojú kúrò. Mo sá lọ sí ìsàlẹ̀, mo lọ jókòó ti ẹ̀rọ tó dákẹ́, mò ń gbọ́ òórùn yíǹkì, nítorí òórùn ara bàbá mi nìyẹn.

Láti ibẹ̀ ni mo ti rí ìyá àgbà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n rò pé àwọn nìkan ni. Wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu, "Ó ti kú. Wọ́n ti kú. Ó ti kú. Wọ́n ti kú," bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Nígbà náà ni ẹ̀rù tó bà mí. Mo mọ̀ pé kò dá àwọn náà lójú.

Ní Sọ́ńdè, a lọ sí Ọbáníkorò, fóònù ò dún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ó tó gẹ́ẹ́, bó bá di ọ̀la, àwọn á ṣe ohun tó yẹ, ìyá àgbà ìbáà bínú.

Ọjọ́ kejì ni ìjọba bọ́ sọ́wọ́ alágbádá. Gbogbo Ṣómólú ń hó, rédíò ń ké láti ilé dé ilé. Ìyá àgbà ní ká lọ dúró ti fóònù lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ohunkóhun. Bí a ṣe ń kọjá lọ sí Ọbáníkorò, àwọn ènìyàn ń kí wa, "Ẹ kú oríire o!" Ìyá mi wo wọ́n bí ẹni tí kò gbédè. Ìyá àgbà mú ìyá mi lọ́wọ́ kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tẹ̀ lé wa, wọ́n ní àwọn fẹ́ kó parí lójú àwọn. A jókòó ti fóònù. Ìyá Ìjẹ̀bú yí rédíò wọn sílẹ̀.

Nígbà tí fóònù dún, ìyá Ìjẹ̀bú gbé ọwọ́ kúrò bí ẹni pé iná ni. Wọ́n ní àwọn ò tún gbé ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé. Ìyá àgbà ló gbé e. Wọn ò fọwọ́ kan fóònù rí, ibi tí à ń sọ̀rọ̀ sí ni wọ́n gbé sétí. Mo bá wọn yí i padà. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Kí ló kú?"

Wọ́n tẹ́tí sí ohùn inú fóònù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì, èyí tí wọ́n fi ń jí bàbá mi láàárọ̀. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Mo sunkún débi pé mi ò nu ojú mi mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi fìlà bojú.

Máṣíìnì ló kú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dákẹ́ lórí òkè nínú òjò, ibi tí kò sí ilé. Bàbá mi tì í títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ olùṣọ́-àgùntàn kan, amáṣíìnì ìlú tó jìnnà ló wá fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn. Kí wọ́n tó padà dé Lọ́ńdọ̀nù ní alẹ́ Sọ́ńdè, bàálù ti fi wọ́n sílẹ̀. Bàbá mi ti fi tẹligíráàmù sọ fún àbúrò wọn pé ká fọkàn balẹ̀; àbúrò wọn pè kí ẹ̀rù má bà wá, wọ́n ní, "Kí ẹ má retí wọn ní Sátidé." Àárín ọ̀rọ̀ yẹn ni fóònù já sí.

Wọ́n gbé fóònù fún ìyá mi. Ìyá mi fẹ́ kí bàbá mi pé 'Ẹ kú ewu', wọ́n ní, "Ẹ... ẹ..." Wọn ò lè pe ọ̀rọ̀ tó kàn. 'Kú' yẹn kò jáde lẹ́nu wọn. Wọ́n sunkún sétí bàbá mi títí fóònù fi já.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ní Bàrígà tí mò ń gbé báyìí, ọmọ ọmọ mi tó kéré jù ní fóònù tirẹ̀, ojú ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń wò bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ o, kò sẹ́ni tí yóò tún jẹ irú ìyà tí a jẹ yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan mo wọlé, mo gbọ́ tí ọmọdé yìí ń sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé, "Gíráńmà ti dé, ó ń bínú." Mo ní ta ni 'ó'? Ó rẹ́rìn-ín. "Àh-àh, Gíráńmà, ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?" Ìyá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín láti ọ̀hún, èmi tí mo bí i!

Ẹ ní mò ń kanra. Mò ń kanra lóòótọ́. Àmọ́ ìgbéraga kọ́. Mo ti dàgbà, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnìkan nínú yín máa tẹ fóònù láti ilé yìí sí àwọn tó wà lókèèrè nítorí tèmi. Bí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé bá ń jẹ́ 'ó', tí èmi náà ń jẹ́ 'ó', ta ni yóò mọ èyí tí wọ́n máa sunkún fún nínú àwa méjèèjì?