Ọ̀nà Ẹrẹ̀ tí Ọ̀họ̀rí Fi Sá fún Dàhòmì

Ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń sán, ojú rẹ̀ á là débi pé n ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá, n kò ní kan ìsàlẹ̀. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ kan náà á mu omi, á wú, gbogbo ojú tó là á pa dé, á sì di ẹrẹ̀ tó ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Mo ti fi igi wọn jíjìn rẹ̀ níbi púpọ̀. Ibì kan lè má ju kókósẹ̀ lọ. Bí o bá sún díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, igi tó ga tó mi á wọlẹ̀ tán. Àwọn àgbẹ̀ ibòmíràn máa ń sọ pé ilẹ̀ burúkú ni. Lójú tèmi, odi ìlú ni.

Télọ̀ ni mí ní Ṣakẹ́tẹ́. Ìdílé mùsùlùmí tó ń ta aṣọ ni bàbá mi ti wá, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀họ̀rí ni ìyá mi, láti abúlé kan lẹ́yìn Isaba, nínú kòtò ilẹ̀ dúdú yẹn gan-an. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Láyé àtijọ́, Dàhòmì ní ọba tó ń jagun lọ́dọọdún, ó ní ìbọn, ó ní ọmọ ogun lọ́kùnrin lóbìnrin tí iṣẹ́ wọn kò ju ogun lọ. Kétu tó ní odi àti yàrà, wọ́n wọ̀ ọ́. Ọ̀họ̀rí kò ní odi, kò ní yàrà, àgbàdo àti ẹ̀wà ni wọ́n ń gbìn. Báwo ni wọn ò ṣe kó wọn tán?

Kò sí olùkọ́ tó kọ́ mi. Mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, mo ń ka ohun tí ọwọ́ mi bá tẹ̀, mo sì ń fi ẹsẹ̀ ara mi rìn ilẹ̀ náà lọ́jọ́ tí ìránṣọ kò bá pọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni omi. Ẹ̀yìn ìkórè ni ogun ńlá máa ń jáde, nígbà tí ọ̀nà bá gbẹ. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi wọ́n ní ilẹ̀ dúdú ju oúnjẹ lọ. Àwọn àgbà ní ńṣe ni wọ́n máa ń fi ẹ̀ka igi àti ìdọ̀tí bo kànga, wọ́n á jẹ́ kí ewúrẹ́ máa rìn lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ ogun tí òùngbẹ ń gbẹ kì í pẹ́ níbi kan. Bí òjò bá sì bá ogun lójú ọ̀nà, ọmọ Ọ̀họ̀rí á wọ inú ẹrẹ̀ lọ. Ọ̀nà kan wà nísàlẹ̀ ẹrẹ̀ náà, tóóró, tí ilẹ̀ rẹ̀ le. Igi ìyeyè ni wọ́n fi ṣe àmì rẹ̀, nítorí pé bí o bá gé ìyeyè lásán tí o rì í mọ́lẹ̀, á hù.

Ọ̀nà yìí ni mo ń wá kiri. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tó jẹ́ àgbà ilé wọn, ló sọ ọ́ fún mi nígbẹ̀yìn. Ó ń yọ àgbàdo lára kùkù níwájú ilé, mo bá a yọ ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó.

"Bàbá, ọwọ́ wo ni èèyàn máa fi ìyeyè sí bó bá ń lọ?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé Dàhòmì tún ń bọ̀ ni?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n ni, bàbá."

"Ọmọ Ṣakẹ́tẹ́, o máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ bíi dùwánì tó ń yẹ ẹrù wò lẹ́nu ibodè."

Ó rẹ́rìn-ín, orúkọ yẹn ni gbogbo ilé sì fi ń pè mí láti ọjọ́ náà. Ó wá sọ ọ́: ọwọ́ tí n ó fi ìyeyè sí, ibi tí n ó ti yà, ibi tí n ó ti yọ ní ẹ̀gbẹ́ Isaba. Mo tún un sọ lójú rẹ̀, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo gun alùpùpù mi padà sí Ṣakẹ́tẹ́, inú mi ń dùn bí ẹni tó jẹ oyè.

Nígbà òjò tó kọjá, mo gbé bùbá tí mo rán fún àbúrò ìyá mi lọ. Opó ni, òun ni mo ń pè ní ìyá mi kékeré, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń bá a gbé. Ará Ahoyeye ni ìyàwó náà, kò tíì pẹ́ tó wọlé. Àwọn ọkùnrin ilé, àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà, tí gbogbo ilé ń pè ní bàbá àgbà, ti lọ sìnkú ní Yoko. Òjò bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe dé, ó rọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tó dá díẹ̀, ìyá mi kékeré bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé láti wú ẹ̀gẹ́. Igbe rẹ̀ la gbọ́.

Paramọ́lẹ̀ ni. A rí i tó ń wọ́ wọ inú koríko lọ, ó sanra, ó kúrú. Ojú eyín méjì wà lókè kókósẹ̀ rẹ̀. Mo ti kà nípa oró rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í pani kíákíá bíi ti sèbé, ṣùgbọ́n á máa ba ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ jẹ́ bí wákàtí ti ń lọ. Ìyàwó fẹ́ fi okùn di ẹsẹ̀ náà pinpin, mo ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi pákó méjì dè é kí ó má baà mì. Abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò wà ní òpítà, ilé ìwòsàn Pobẹ̀. Mo gbé pọ́tábù mi sókè títí kí n lè pè wọ́n, kò mú. Ìyàwó sáré lọ wo ọ̀nà ọkọ̀, ó padà wá, aṣọ rẹ̀ tutù dé àyà.

"Ọkọ mi, omi ti gbé afárá lọ. Kò sí alùpùpù tó lè kọjá níbẹ̀ lónìí."

Ẹsẹ̀ náà ti wú dé ojúgun, awọ rẹ̀ ń dán.

"Mo mọ ọ̀nà mìíràn," ni mo wí.

A so aṣọ kíjìpá mọ́ ọparun, a tẹ́ ìyá mi kékeré sínú rẹ̀, mo gba iwájú, ìyàwó gba ẹ̀yìn. Oorun àìsàn ti ń gbé e. Mo wọ bùútù rọ́bà mi. A rí ìyeyè àkọ́kọ́ níbi tí bàbá àgbà wí, a rí èkejì. Ilẹ̀ le dáadáa, ẹrẹ̀ kò ju kókósẹ̀ lọ. Láàárín gbogbo ìdààmú yẹn, ọkàn mi ń yọ̀ pé òótọ́ ni, ọ̀nà náà wà. Níbi ìyeyè kẹta, mo fi í sí ọwọ́ tí bàbá àgbà ní kí n fi sí. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún wọlẹ̀ dé orúnkún. Mo gbé ìkejì kí n lè yọ ọ́, ìkejì wọlẹ̀ dé itan.

"Ẹ dúró!" Ìyàwó kígbe. "Ẹ má gbé ẹsẹ̀ mọ́!"

Ọparun tẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn ìyá mi kékeré kan ẹrẹ̀. Òtútù rẹ̀ ló jí i. Ó wo igi ìyeyè, ó wò mí.

"Ta ló ní kí o fi í sí ọwọ́ yìí?"

"Bàbá ni."

"Ó mú ọ rìn ín ni, àbí ó fi ẹnu sọ ọ́?"

"Ó fi ẹnu sọ ọ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ìrora sì gbá a mú níbẹ̀. "Háà. Dùwánì ti wọ gàù."

Ẹrẹ̀ ń fà mí díẹ̀díẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn kì í fi ẹnu kọ́ ọmọ ilé ní ọ̀nà yẹn. Inú òjò ni wọ́n ti máa ń mú un rìn ín. Èyí tí wọ́n ń fi ẹnu sọ, ti ọmọ tí ọmọbìnrin wọn bí sí ìlú òkèèrè ni, torí pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ Dàhòmì lè tètè tẹ̀. "Bí wọ́n bá mú un, wọ́n á nà án kí ó fi ọ̀nà hàn. Kò ní purọ́. Ohun tó mọ̀ ni yóò sọ, ojú rẹ̀ á fi hàn pé òótọ́ ni, wọ́n á sì tẹ̀ lé e."

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Òun ló máa ń wà níwájú," ló wí.

Ìyàwó ti fi ara ti ọparun kí ó lè fà mí. Mo fi àyà dùbúlẹ̀ lórí ẹrẹ̀, mo jẹ́ kí bùútù mi méjèèjì dúró síbẹ̀, mo sì fi ọwọ́ wọ́ ara mi padà sí ìdí igi.

"Ìyá, ẹ sọ ibi tí a máa gbà," ni ìyàwó wí.

"A kì í sọ ọ́."

"Ẹsẹ̀ yín ti wú dé orúnkún, ìyá! Ta lẹ ń fi ọ̀nà pamọ́ fún? Èmi?"

"Mo ní a kì í sọ ọ́. Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀ kí n rìn."

Bó bá fi ẹsẹ̀ yẹn rìn, oró á tàn ká ara rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un, mo tún un sọ. Ó di ojú. Mo rò pé oorun tún ti gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Pọ̀n mí."

Mo pọ̀n ọ́n bí ọmọ, ìyàwó fi kíjìpá gbà á mọ́ mi lẹ́yìn, ó sì gbé ẹsẹ̀ tó wú náà dání kí ó má baà mì. Ìyá mi kékeré di etí mi méjèèjì mú. Bó bá fa ti ọ̀tún, mo yà sọ́tùn-ún. Bó bá fa ti òsì, mo yà sósì. Bó bá fa méjèèjì, mo dúró. Ẹnu rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Báyìí la ṣe ń lọ, òjò tún ti bẹ̀rẹ̀, mi ò rí iwájú ju ìyeyè kan lọ. Ọ̀pọ̀ ibi tó ti yí mi padà, lójú tèmi ilẹ̀ tó dáa ló ní kí n fi sílẹ̀.

A ti ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo láti Isaba nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ yọ́ kúrò ní etí mi. Mo pè é, kò dáhùn. Èémí rẹ̀ ń gbóná sí mi lọ́rùn, ìyẹn nìkan ni mo fi mọ̀ pé ó wà láàyè. Mo dúró gbagidi. Kò sí ìyeyè níwájú mọ́, gbogbo ọ̀nà jọ ara wọn, gbogbo ohun tí mo ti kà tí mo ti bèèrè kò wúlò fún mi.

"Ẹ tẹ̀ sósì díẹ̀," ni ìyàwó wí láti ẹ̀yìn.

"Kí lo fi mọ̀?"

"Yangí wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Láti ìdí igi yẹn ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́, wẹ́wẹ́ báyìí. Ibi tí kò bá sí yangí, ibẹ̀ ló ń rì."

Mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Òótọ́ ni. Nínú ilẹ̀ dúdú tí kò ní òkúta, ẹnìkan ti fi agbọ̀n ru yangí láti orí ilẹ̀ pupa Pobẹ̀ wá, ó dà á sínú ẹrẹ̀ yìí. Àwọn púpọ̀ ni, fún ọdún púpọ̀. Ìyàwó gba iwájú, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá a. Èmi gbé ẹsẹ̀ mi síbi tí tirẹ̀ bá ti kúrò.

Ní Isaba, ọlọ́kadà kan, tí à ń pè ní sémíjàn lọ́dọ̀ wa, gbé èmi àti ìyá mi kékeré; òmíràn gbé ìyàwó tẹ̀ lé wa. Mo gbá a mú láàárín wa títí a fi dé Pobẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà. Nọ́ọ̀sì wo ẹsẹ̀ náà, ó ní òun kò lè ṣe ìlérí nípa ẹsẹ̀, ẹ̀mí lòun kọ́kọ́ ń wá. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní èrìgì rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ náà dá. Ẹsẹ̀ ṣì dúdú, ó wúwo bí igi.

Bàbá àgbà dé láti Yoko nígbà tí omi fà. Ó jókòó sétí ibùsùn àbúrò rẹ̀.

"Ta ló sọ ọ̀nà fún wọn?"

"Ẹnu mi kò sọ ọ́," ni ìyá mi kékeré wí. "Ẹ bi etí ọmọ àbúrò yín léèrè."

"Ìwọ ńkọ́, ìyàwó?"

"Bàbá, ẹsẹ̀ mi ti mọ̀ ọ́n. Kí ẹ gé e ni?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé mo lè kú síbẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ ọ̀nà náà fún mi.

"Mo ń wò ọ́ lọ́jọ́ yẹn," ló wí, "mo ní ọmọ àbúrò mi rèé, ó bá mi yọ àgbàdo títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Mo fẹ́ sọ òótọ́. Ẹnu mi ti sọ èyí tí bàbá mi fi sí i kí n tó rò ó tán."

Ìyá mi kékeré ló gbà wá sílẹ̀. Ó ní ibùsùn ti sú òun, kí a gbé òun dìde kí òun gbé ẹsẹ̀ yìí wò. Nọ́ọ̀sì gbà. Èmi mú apá ọ̀tún, ìyàwó mú apá òsì, bàbá àgbà kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àtẹ́lẹsẹ̀ náà kalẹ̀. Ìyá mi kékeré fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀ díẹ̀, ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi gbogbo ara lé e, ó yọ apá rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi.

"Ẹ sún fún mi," ló wí.