Ẹmu Tí Mo Ní Kí Àjàní Tọ́ Wò

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó tètè pè mí, ká lè ráyè. Mi ò tí ì fẹnu kan ọtí lọ́jọ́ náà. Ọ̀sán gangan sì ni, oòrùn wà látàrí.

Wòléwòlé ni mí láyé òyìnbó, ní agbègbè Ọ̀tà níbí. Bí mo bá ti wọ abúlé pẹ̀lú ṣòkòtò kakí mi, àwọn obìnrin á ti máa sáré da omi ìkòkò wọn nù, kí n má baà rí tanwíjí níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ìbẹ̀rù yẹn, mi ò ní parọ́. Ará oko lásánlàsàn ni gbogbo wọn lójú mi.

Èmi àti Àjàní, ọkọ àbúrò mi Àṣàkẹ́, la jọ ń ti Àtan bọ̀. Iṣẹ́ títún kẹ̀kẹ́ ṣe ló ń ṣe, kẹ̀kẹ́ tèmi sì ti gbó, ìdí nìyẹn tí mo fi ń mú un dání. Ọkùnrin tí kì í lè sọ pé rárá ni. Bí mo bá ní kó jókòó sínú ẹrẹ̀, ibi tó jìn jù níbẹ̀ ló máa béèrè. Mo ti sọ fún Àṣàkẹ́ pé kò rí ọkọ fẹ́. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje nígbà náà.

Òùngbẹ ń gbẹ wá. Lẹ́yìn igbó ọparun kan la rí ahéré kan, imọ̀ ọ̀pẹ lórí, kò nílẹ̀kùn. Bí kì í bá ṣe òórùn ẹmu, ẹ ò lè mọ̀ pé wọ́n ń ta nǹkan níbẹ̀. Àìmọye ìgbà ni mo ti gba ibẹ̀ kọjá, mi ò rí i rí.

Ọkùnrin bíi mẹ́fà jókòó, kálukú gbá igbá tirẹ̀ mú. Wọn ò kí wa, wọn ò yíjú. Mo ní àwọn dìndìnrìn rèé. Ìyá àgbà kan gbé ẹmu wá síwájú mi.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ àṣà. Ẹni tó ni ọtí ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Ìyá yìí ò tọ́ ọ wò. Mo pàṣẹ fún un pé kó tọ́ ọ wò, mo tún pè é ní "ìwọ", èmi tí ó lè bí lọ́mọ-ọmọ.

Ó rọra sọ ọ́ pé, "Èmi ti tọ́ tèmi wò tipẹ́."

Ẹ gbà mí gbọ́, ó yẹ kí n dìde. Ṣùgbọ́n ṣé obìnrin oko ló máa lé wòléwòlé? Mo ti igbá náà sọ́dọ̀ Àjàní, mo ní kó bá mi tọ́ ọ wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkàn mi ò gbà á."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa kọ̀ fún mi nìyẹn. Mo pè é ní ojo, mo ní ṣé irú bàbá tí ọmọ inú Àṣàkẹ́ fẹ́ wá bá nìyí. Ó gbé e mu.

Gbogbo àwọn tó jókòó yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kí i ní ohùn ìsàlẹ̀: "Ẹ kú ilé o."

Àjàní dáhùn bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀: "Ẹ kú àbọ̀." Oòrùn ṣì wà látàrí, àmọ́ ó wò mí, ó ní, "Àlejò, ẹ máa lọ. Ilẹ̀ ń ṣú."

Mo wọ́ ọ jáde. Ó tẹ̀ lé mi délé, kò janpata. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀, ó dúró síta, ó ní, "Àgò onílé o." Àṣàkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àfìgbà tí Àṣàkẹ́ dáhùn pé "àgò yà" kó tó wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí àlejò nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ó jáde láàárọ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ara ògiri. A ò rí i mọ́.

Mo padà síbẹ̀. Mo rí ọparun, mi ò rí ahéré. Ilé-iṣẹ́ ló wà níbẹ̀ báyìí.

Àṣàkẹ́ ti darúgbó, kì í ti ilẹ̀kùn títí dòní. Bí atẹ́gùn bá mi ilẹ̀kùn náà, á ní, "Àgò yà." Mo ti sọ ìtàn ahéré yẹn fún un. Mi ò sọ ẹni tó ní kí ọkọ rẹ̀ mu ún.

Tí ẹ bá dé ibi tí ọlọ́tí ò ti tọ́ ọtí rẹ̀ wò, ẹ dìde. Bí ìgbéraga ò bá jẹ́ kí ẹ dìde, ẹnu ara yín ni kí ẹ fi tọ́ ọ wò.