Ẹni Tí Sèbé Ṣán Ń Gbọ́rọ̀

Ní ọdún 1956, ọ̀gá mi, àgbà nọ́ọ̀sì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, gba àgbẹ̀ tí sèbé ṣán lọ́wọ́ ikú. Oró náà ti dí ibi tí ẹran ara ti ń gba iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, kò lè mí mọ́. Bí a ti ń fi àpò rọ́bà fún un ní atẹ́gùn, àwọn àbúrò rẹ̀ ń pín oko iṣu rẹ̀. Ọ̀gá mi, tí kì í fi ọrùn ọwọ́ aláìsàn sílẹ̀, sọ pé: “Ọkàn rẹ̀ ń lù. Ó ń gbọ́ yín o!”

Ní ọjọ́ kejì, àgbẹ̀ náà la ojú. “Ta ló kú tí ẹ̀ ń pín oko rẹ̀?”

Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1959, ọ̀gá mi fa wọ́ọ̀dù náà lé mi lọ́wọ́.