Ansèlm àti Èépá Orí Sàréè Ìyá Ìyàwó Rẹ̀

Kò sí ará erékùṣù Mahé tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ tí Ansèlm Vidot, tó ti di olóògbé báyìí, dùbúlẹ̀ gbalaja sórí sàréè ìyá ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Ọdún Àwọn Ẹni Mímọ́, oníkálukú sì ti gbé búrọ́ọ̀ṣì àti bílíìṣì dé itẹ́ òkú láti fọ sàréè àwọn ènìyàn rẹ̀.

“Baba Lizèt, ẹ dìde!” Marivonn ìyàwó rẹ̀ kígbe. “Gbogbo ayé ń wò wá!”

“Kí wọ́n máa wò. Ẹni tó bá fẹ́ fọ nǹkan yìí, kó kọ́kọ́ fọ èmi.”

Ẹ̀gbọ́n Marivonn bá da omi korobá kan lé e lórí.

Ohun tí Ansèlm ń ṣọ́ kò ju èépá eléérú kan tó lẹ̀ mọ́ òkúta sàréè náà lọ. Ìdọ̀tí ni lójú àwọn ará ìlú. Ansèlm, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní ohun abẹ̀mí ni, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ sì ni. Ìgò bílíìṣì kékeré kì í kúrò lápò rẹ̀. Bó bá kán an sára èépá mìíràn, àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà. Tirẹ̀ nìkan ló ń pupa fòò. Kò sí ohun tí kò kán an sí. Lọ́jọ́ kan, ó rí nǹkan lára ẹ̀wù dúdú Fadá, ó kán an sí i.

“Ọbẹ̀ ẹja ni, Ansèlm!” ni Fadá pariwo.

Marivonn bi í pé orúkọ wo ló fẹ́ sọ èépá náà.

“Orúkọ ìyá ẹ ni. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ni, ó parí.”

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ansèlm ló se oúnjẹ ara rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ òkè òkun tó fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ní ẹ̀yà tí àwọn ti mọ̀ tipẹ́ ni. Ansèlm ní ojú ló ń dùn wọ́n. Inú iyàn yẹn ló kú sí.

Nígbà tí ọdún yípo, Marivonn gbé búrọ́ọ̀ṣì dúró síwájú sàréè ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni onímọ̀ obìnrin kan wá bá èépá náà, nítorí wọ́n ti fọ ti ibi yòókù dànù. Ó gé díẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ó sì padà fóònù Marivonn.

“Mà, òótọ́ ni Baba ń sọ. Ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni. Ṣé ká fi orúkọ wọn pè é?”

“Rárá o! Orúkọ ìyá mi ni wọ́n ti fún un. Bí ẹ bá yí i padà, wọ́n á dìde wá bá mi jiyàn!”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àárò ọkùnrin náà ń sọ ọ́ gan-an.

Nígbà tí Ọdún Àwọn Ẹni Mímọ́ tún dé, ó fọ sàréè Ansèlm títí ó fi funfun báláú. Igun kan péré ló fi sílẹ̀ láìfọ̀, bóyá èépá rẹ̀ á fẹ́ wá hù síbẹ̀.