Ọkọ̀ Tí Kò Kí Àgbà

Ọmọ mi kan gbé ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná wá sí Odigbo nígbà Kérésì tó kọjá, ọkọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí n ju ẹ̀gẹ́ ọwọ́ mi nù. Mo dúró sí etí títì níwájú ilé wa, mo ń bá aládùúgbò mi sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ kíkùn, n kò gbọ́ híhó, àfi bí mo ṣe yíjú tí mo rí imú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo bú awakọ̀ náà kí n tó mọ̀ pé ọmọ mi ni. Nígbà tí mo mọ̀, mo tún bú u sí i.

Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní àríyànjiyàn ńlá ń lọ lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lókè òkun: àwọn kan ní kí wọ́n fi ohùn sí i lára kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè gbọ́ ọ, àwọn kan ní ariwo tó wà láyé ti tó gẹ́ẹ́. Mo ní kó wá jókòó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fà lókè òkun, a ti parí rẹ̀ ní Odigbo láyé ìjọba ológun, ìyá bàbá rẹ̀ ló sì dá ẹjọ́ náà.

Ìyàwó tuntun ni mo jẹ́ nígbà náà. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti gbé mi wá, èdè Ìkálẹ̀ tí wọ́n ń sọ nínú ilé kò sì tíì yé mi délẹ̀, nítorí náà èdè tí gbogbo wa jọ gbọ́ ni n ó fi ròyìn ohun tí wọ́n sọ. Ojú ìyá ọkọ mi ti fọ́ kí n tó wọlé. Iye ni gbogbo èèyàn ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá níbẹ̀, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò lè dá lọ sóko mọ́, kò lè dá lọ sọ́jà Ore mọ́. Títì iwájú ilé nìkan ló kù tó ń dá kọjá láìsí ẹni tó dì í lọ́wọ́ mú.

Òdìkejì títì ni oòrùn ti ń mú dáadáa, ibẹ̀ ni a sì ń sá kòkó sí, lórí ọ̀dà gan-an, bí gbogbo ará ibẹ̀ ti ń ṣe. Iye ló ni iṣẹ́ kòkó náà. Yóò dúró létí títì, yóò tẹ́tí, tí kò bá gbọ́ ọkọ̀, a kọjá. Tó bá débẹ̀, a bọ́ bàtà, a fi ẹsẹ̀ wọ́ kòkó láti yí i padà, ìró rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ló sì fi ń mọ èyí tó ti gbẹ. Bí mo bá ní kí n bá a ṣe é, á ní ẹsẹ̀ mi ń rìn bí ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́. Irọ́ kọ́.

Ọkọ mi ń fi Pijó àgbà kan gbé èrò láàárín Ore àti Odigbo. Ìgbà náà ni ọ̀wọ́n epo mú tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ń sun ilé epo mọ́jú. Ṣúgà ti di ohun tí à ń gbé pamọ́ fún àlejò, ọṣẹ di ohun tí à ń fi ọ̀bẹ gé sí kéékèèké. Àwọn awakọ̀ wá dá ọgbọ́n kan: bí wọ́n bá ti dé orí òkè tó kọjú sí ilé wa, wọ́n á ti jíà sí fíríì, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, wọ́n á jẹ́ kó máa yọ́ sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gùn. Epo tí wọ́n bá rí fi pamọ́ níbẹ̀ ni wọ́n fi ń padà sí Ore. Ọkọ mi a máa fi yangàn pé òun ní ọkọ̀ tí ń jẹ atẹ́gùn.

Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi ti wá rí ibi tí ẹnu dídákẹ́ ti fẹ́ pa èèyàn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Mo ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé. Iye dúró létí títì, ó tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan, ó bá ti ẹsẹ̀ bọ títì. Mo gbójú sókè, mo rí Pijó ọkọ mi tó ń bọ̀ láti orí òkè, tó kún fún èrò, tó dákẹ́ bí ológbò. Mo figbe ta. Ọkọ mi tẹ bíréèkì, ó yíwọ́, ọkọ̀ náà gba iwájú ìyá rẹ̀ kọjá, ó sì lọ já sínú kòkó. Iye kò tilẹ̀ mọ̀ pé ikú ti kọjá níwájú òun. Ìró kòkó lábẹ́ táyà ló gbọ́, ló bá béèrè ta ní ń fi bàtà rin kòkó òun.

Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó sáré lọ di ìyá rẹ̀ mú. Nígbà tí Iye mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní kòkó òun tó ti fọ́ ńkọ́? Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó di ìró ìdí rẹ̀ mú, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù bà á.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ọkọ mi pàṣẹ pé Iye kò gbọdọ̀ kọjá títì mọ́. Ó ní òun kò lè fi ọwọ́ ara òun pa ìyá òun. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ohun tó wí kò dára, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Iye ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹrù tí wọ́n gbé kalẹ̀ tí olówó rẹ̀ kò padà wá. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi nínú kòkó lódìkejì, kò sì bú mi mọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Obìnrin tó ń bú mi láràárọ̀ ti dákẹ́, mo sì ń wá èébú náà kiri.

Mo ní kí ọkọ mi máa fun fèrè ọkọ̀ nígbà náà. Ó ní bátìrì ti kú, fèrè náà ń dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń mú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, awakọ̀ kan ti fun fèrè lẹ́yìn àwọn sójà ní oríta Ore, wọ́n sì mú un fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú àwọn èrò rẹ̀. Ó wá so agolo mílíìkì òfìfo mọ́ ìdí ọkọ̀. Agolo ń pariwo, ewúrẹ́ ń sá, àwọn sójà ń béèrè ta ló gbéyàwó. Iye gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó mirí. Ó ní ìdí ọkọ̀ ni agolo ti ń dún, orí ọkọ̀ ló sì ń pa èèyàn. Ọkọ mi já àwọn agolo náà dànù.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Iye pè é ní ọma, ìyẹn ọmọ lédè wọn.

"Ọma mi, ọmọ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ àgbà kọjá tí kò kí i, kí ni à ń pè é?"

Ọkọ mi ní, "Ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni, Iye."

"Ọkọ̀ rẹ kò lẹ́kọ̀ọ́. Sọ fún un kó máa kí mi."

Ọkọ mi ní ọkọ̀ kò lẹ́nu. Iye béèrè bóyá àwọn tó wà nínú rẹ̀ náà kò lẹ́nu. Ọkọ mi mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó lọ sọ ọ́ fún àwọn èrò rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di òfin nìyẹn. Bí Pijó bá ti dé orí òkè, ọkọ mi á pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, á ní, "Ó yá o," gbogbo èrò á sì mú un lẹ́nu pé, "Iye, ẹ kú ilé o!" Wọn kò gbọdọ̀ dákẹ́ títí ọkọ̀ yóò fi kọjá ilé wa. Mùsùlùmí kan tó ń tajà ní Ore kọ́kọ́ kọ̀, ó rò pé orin ṣọ́ọ̀ṣì ni. Nígbà tó gbọ́ pé ìyá àgbà ni wọ́n ń kí, ohùn rẹ̀ ló wá ga jù. Sójà kan tún wọ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kan. Ó gbọ́ bí gbogbo èrò ṣe ń kí obìnrin kan tí wọn kò tíì rí, ó rò pé ìyá ọ̀gá ológun kan ni, ló bá jókòó dáadáa, ó ṣí fìlà, ó kí i ju gbogbo wọn lọ. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò dá ọkọ mi dúró ní oríta.

Ọkọ mi gba àṣẹ rẹ̀ padà. Iye á dúró létí títì, á dá wọn lóhùn pé ẹ kú àbọ̀ o, á jẹ́ kí ohùn wọn kọjá, á sì wọ títì. Ó ń tinú ohùn mọ ẹni tí òtútù ń mú àti ẹni tí inú ń bí. Àwọn awakọ̀ mìíràn náà mú un lò, èyí tí kò bá sì ṣe é, àwọn èrò rẹ̀ ni yóò bá a jà. Èébú mi padà. Mo sanra sí i.

Ọkọ mi nìkan ni kì í bá wọn kí i. Ó ní ẹni tó di ọkọ̀ mú, ọwọ́ ló ń lò, kì í ṣe ẹnu. Mo mọ̀ pé ojú ló ń tì í. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ló ti gbé ojú àgbàlagbà wọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ kò sì ju àṣẹ àti ìbéèrè lọ.

Ó wá di ọjọ́ kan tí kò rí èrò ní Ore. Iye wà lọ́dọ̀ kòkó, ó ti parí iṣẹ́, ó fẹ́ padà wálé. Ó tẹ́tí, kò gbọ́ ohùn kankan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti wà lórí títì nígbà tí mo rí ọkọ̀ lórí òkè, tí mo sì rí i pé òfìfo ni. Kí n tó la ẹnu, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan ṣoṣo.

"Iye o! Iye o! Èmi ọma yín ni mò ń bọ̀ o!"

Kò dákẹ́. Ó ń pè é bọ̀ láti orí òkè títí ó fi kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, títí ọkọ̀ fi dúró ní ìsàlẹ̀. Iye ti fa ẹsẹ̀ padà. Títì ti ṣófo, síbẹ̀ kò kọjá. Mo lọ bá a, mo ní ọ̀nà ti là. Ó ní òun mọ̀.

"Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn tó bá ń ti oko bọ̀," ló wí, "nígbà tó wà ní kékeré."

Omi wà lójú rẹ̀ tí kò ríran. Èmi náà sunkún, n kò sì mọ ìdí tí n ó fi purọ́ pé n kò sun ún.

Epo padà dé lẹ́yìn ìyẹn, Pijó rí bátìrì tuntun, ìkíni náà sì kásẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iye ti lọ, ọkọ mi náà ti lọ. Gbogbo èyí ni mo sọ fún ọmọ mi nígbà Kérésì. Ó ní ọkọ̀ tòun náà ní ohùn kékeré kan tó ń kùn tó bá ń rọra lọ, pé ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ lọ́jọ́ náà ló bò ó mọ́lẹ̀, pé àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Mo ní kí wọ́n má yọ ọ́, kí wọ́n kúkú kọ́ ọ ní ìkíni gidi.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí Ore. Nígbà tó ń padà bọ̀, mo wà létí títì, mo fẹ́ lọ sódìkejì. Mo rí ọkọ̀ náà láti orí òkè, nítorí ojú mi ṣì ríran kedere. Ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó yọ orí síta, ó fi ohùn bàbá rẹ̀ pè mí pé, "Màmá, ẹ kú ilé o! Èmi ọmọ yín ni mò ń bọ̀ o!"

Títì ti ṣófo tipẹ́ kí n tó kọjá.